Ibo La Lè Kó Káyàkì Lọ? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́

Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kó káyàkì (ọkọ̀ kékeré tóóró tí à ń fi àjẹ̀ tù) lọ sí òkun láti ìlú tí kò ní òkun. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ inú rẹ̀ kò tíì tukọ̀ rí la ní lọ́kàn. Ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ lè fo ibi tó bá ti mọ̀.

Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ wò nígbà tí a bá ń yan ibi tí a ó lọ?

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì le rárá nínú ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi wọn ibi náà. Bí ọmọ mẹ́wàá bá mọ ọkọ̀ tù, tí ẹyọ kan kò sì mọ̀ ọ́n tù, ibi tó bá ẹyọ kan yẹn mu lẹ ó lọ, torí òun ni gbogbo yín máa dúró dè nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín léèrè: bí nǹkan bá bàjẹ́ níbi tí a wà yìí, ibo la ó gbà jáde? Omi tí ẹ ti lè dé bèbè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ibikíbi tí ẹ bá wà lójú rẹ̀, òun ni omi ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹwà etíkun ló sábà máa ń kó sí àwọn olùṣètò lórí, bẹ́ẹ̀ iyanrìn funfun àti igi àgbọn kì í sọ bí ìgbì ṣe ń fọ́ níbẹ̀.

Òkun jìnnà sí wa. Ibo la ti lè kọ́ṣẹ́ nítòsí?

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé etíkun Èkó ju 200 kìlómítà lọ. Kò dáa kí ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ di àjẹ̀ mú jẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí òkun. Omi dáàmù ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ikere Gorge, lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti sé odò Ògùn, ló fẹ̀ jù, òun ló sì dára jù fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe lójú omi gbalasa. Asejire wà lórí odò Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ọmọ lè débẹ̀ láìsí wàhálà ọ̀nà. Ẹlẹ́yẹlé nínú Ìbàdàn, tí wọ́n sé ní 1942, kéré sí méjèèjì, ilé sì ti yí i ká, nítorí náà ìdọ̀tí àti ewéko ojú omi pọ̀ níbẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, dáàmù odò Ọbà wà, àmọ́ omi mímu ìlú ni. Ẹ má ṣe bọ́ sí i láìgba àṣẹ.

Ohun méjì ló ń ṣe jàǹbá lójú omi dáàmù. Èkíní ni kùkùté igi. Nígbà tí wọ́n sé odò, igi tó wà nínú àfonífojì kò bá odò lọ. Wọ́n ṣì dúró sábẹ́ omi, àti ní oṣù kejì sí ìkẹrin tí omi bá fà, orí wọn á wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sábẹ́ omi, níbi tí ojú kò ti rí i. Èkejì ni ibi tí omi dáàmù ń gbà dà sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá tí omi bá kún, ìṣàn ibẹ̀ kò hàn títí ọkọ̀ á fi súnmọ́ ọn jù. Ẹ fi ó kéré tán 300 mítà sáàárín ọmọ àti ògiri dáàmù, kí ẹ sì fi ohun tó hàn kedere, bíi igi kan tàbí òkúta kan ní bèbè, ṣe ààlà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá.

Kí ni ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kúrò ní omi dáàmù?

Kó lè yọ ara rẹ̀ jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé, láìsí ìpayà. Kó lè léfòó pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì (ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì), kó sì wẹ̀ tó 50 mítà. Kó lè padà gun ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún bí ẹlòmíràn bá bá a di ọkọ̀ mú. Kó lè tukọ̀ fún kìlómítà mẹ́fà láàárín wákàtí méjì. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbójú fò, àìlera apá ló sì ń sọ afẹ́fẹ́ kékeré di ìṣòro ńlá.

Ṣé ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ lè bá wa lọ?

Lójú omi dáàmù tó pa rọ́rọ́, pẹ̀lú láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó fún un dáadáa àti olùkọ́ nítòsí, ó lè kọ́ṣẹ́. Sí òkun, rárá.

Nínú ọ̀sà àti òkun, èwo ni kí á yàn?

Ọ̀sà. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ ń jáde láti Ọ̀yọ́ kò nílò òkun gbangba láti mọ omi iyọ̀. Ìkún àti ìfà, afẹ́fẹ́ òkun, ọkọ̀ apẹja, gbogbo rẹ̀ wà lójú ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀sà Èkó kò jìn ju mítà méjì lọ, bèbè sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí a lè ronú sí nìyí.

Àgbádárìgì ni yíyàn wa àkọ́kọ́. Omi tó wà láàárín ìlú náà àti erékùṣù Gberefu tóóró, ó gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ sì dí i lọ́wọ́ ìgbì òkun. Ẹ lè tù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè, kí ẹ sinmi ní Gberefu, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn já etíkun lódì kejì láti wo òkun, kí ẹ sì padà síbi tí ọkọ̀ wà. Ohun tí ẹ ó ṣọ́ra fún ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń gbé èrò sọdá, àti ewéko olódòdó àlùkò tó máa ń bo omi nígbà òjò. Ewéko yìí kò fẹ́ omi iyọ̀, nítorí náà ní ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ bá wọlé, ó máa ń dínkù gan-an.

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ fẹ̀, ó sì dákẹ́, ọkọ̀ ńlá kò pọ̀. Àléébù ibẹ̀ ni fífẹ̀ náà: bí ẹ bá wà láàárín rẹ̀ tí ìjì dé, bèbè jìnnà. Etí omi nìkan ni kí ẹ máa tọ̀.

Tarkwa Bay wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó. Ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sínú òkun ń gba ìgbì mọ́ra, nítorí náà omi inú rẹ̀ máa ń rọ̀. Ẹgbẹ́ tó ti lọ sí Àgbádárìgì, tó sì padà láìsí wàhálà, lè gbìyànjú ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Ẹ ó san owó láti kó káyàkì sọdá, ẹ sì gbọ́dọ̀ dúró sínú ibi tí òkúta dáàbò bò. Ọkọ̀ òkun tó gùn ju 200 mítà kò lè yà fún yín, kò lè dúró, ẹni tó ń darí rẹ̀ kò sì lè rí káyàkì tó bá súnmọ́ imú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí bọ́yà (àmì ọ̀nà tó ń léfòó lójú omi) pupa àti aláwọ̀ ewé, àárín wọn ni títì àwọn ọkọ̀ òkun. Ẹ má wọ̀ ọ́.

Apá ọ̀sà Èkó tó kọjú sí Mákòko àti abẹ́ afárá Third Mainland, ẹ fi sílẹ̀. Ìdọ̀tí, àwọ̀n àti ọkọ̀ tó ń sáré pọ̀ jù níbẹ̀.

Etíkun Lẹ́kkí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ibẹ̀.

Etíkun tó kọjú sí òkun gbangba, láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kkí, kò dára fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbì tó ń dé ibẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn wá láti gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, kò sì sí ohun tó dí i lọ́nà. Ilẹ̀ iyanrìn etíkun náà ń jìn lójijì, torí náà ìgbì kì í fọ́ díẹ̀díẹ̀. Á dìde bí ògiri, á tẹ orí wá síwájú, á sì já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí iyanrìn. Imú káyàkì á kọ́kọ́ gún ilẹ̀, ìdí rẹ̀ á gbéra, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á sì fi èjìká tàbí ọrùn balẹ̀. Káyàkì tó ti kún fún omi lè wúwo ju 200 kìlógíráàmù lọ. Bí ìgbì bá gbé e kọlu ẹni tó dúró láàárín òun àti etíkun, egungun ni yóò gbọ́ ọ.

Ibi kan tún wà tó ń tan ni jẹ. Láàárín ìgbì tó ń fọ́ lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ ó rí àyè kan tí omi rẹ̀ dúdú díẹ̀ tí ìgbì kò sì fọ́ níbẹ̀. Ojú á rò pé ibẹ̀ ni ọ̀nà. Ibẹ̀ gan-an ni omi tí ìgbì kó wá ń gbà padà sínú òkun, ó sì ń fa ohunkóhun tó bá bá pàdé lọ.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí?

Fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, kò gbọdọ̀ ju 19 kìlómítà ní wákàtí kan. Ní ìwọ̀n yìí, ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ á máa mì láìdúró, àsíá kékeré á nà, ìfóòfó funfun á sì máa yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí omi. Bí ó bá dé 20 sí 28, eruku àti ìwé á máa fò nílẹ̀, ìfóòfó funfun á sì pọ̀ káàkiri: ẹ má bọ́ sómi, tàbí kí ẹ jáde bí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ṣe pàtàkì ju agbára rẹ̀ lọ. Ní Èkó, afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá. Ó máa ń dákẹ́ ní òwúrọ̀, ó sì máa ń le nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná. Nítorí náà, ẹ bọ́ sómi ní aago méje àárọ̀, kí ẹ sì ti wà lórí ilẹ̀ kí aago kan ọ̀sán tó lù. Lójú ọ̀sà Èkó, afẹ́fẹ́ ọ̀sán yìí máa ń kó ìgbì jọ sí ìhà Ìkòròdú, ìhà gúúsù á sì dákẹ́ jù.

Èyí tó léwu jù ni afẹ́fẹ́ tó ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sí òkun. Bí ẹ bá dúró létí omi, omi á tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú yín, ẹ ó rò pé ọjọ́ náà dára. Bí ọkọ̀ bá ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò ilẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbà á, bí ó sì ṣe ń jìnnà ni ìgbì ń ga sí i. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, iṣẹ́ tó ń ṣe ní etíkun wa nìyẹn.

Ìkún àti ìfà omi kò sí ní Ọ̀yọ́. Báwo la ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún, tó sì ń fà. Wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, àkókò rẹ̀ sì ń sún síwájú ní nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà ní ẹnu èbúté Èkó jẹ́ nǹkan bí mítà kan nígbà tí òṣùpá bá yọ tuntun tàbí tó bá yọ kíkún. Ó kéré, òótọ́ ni. Àmọ́ gbogbo omi ọ̀sà ńlá náà ló ń gba ẹnu tóóró kan jáde, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí ọ̀nà méjìlá. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìdá kan ló ń lọ. Ní ìkejì, méjì. Ní ìkẹta àti ìkẹrin, mẹ́ta mẹ́ta. Ní ìkárùn-ún, méjì. Ní ìkẹfà, ẹyọ kan. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, 7.5 ni omi á fi yí padà ní wákàtí àkọ́kọ́, àmọ́ 22.5 ni ní ìkẹta àti ìkẹrin. Wákàtí méjì yẹn ni ìṣàn le jù. Ẹ má ṣe wà nítòsí ẹnu èbúté nígbà náà, pàápàá bí omi bá ń fà, torí inú òkun ló ń gbé yín lọ. Nígbà òjò, omi odò tó ń wọ ọ̀sà tún ń fi kún agbára ìfà náà. Bí ìfà bá sì pàdé afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀, ìgbì á kúrú, á ga, á sì súnmọ́ ara wọn, ọkọ̀ kékeré kò sì ní rí àyè mí.

Oṣù wo ló dára jù?

Oṣù kejìlá sí ìkejì, torí ìgbì òkun máa ń kéré jù nígbà yẹn. Láti oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án ló máa ń ga. Bí ọyẹ́ bá mú kí ojú má lè rí kìlómítà kan lójú omi, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti ìkẹsàn-án sí ìkọkànlá, ni ìjì òjò máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Bí ẹ bá rí àwọsánmà dúdú tó tẹ̀ bí ọrun ní ìhà ìlà-oòrùn, ẹ má dúró wò ó. Ẹ kọrí sí bèbè tó súnmọ́ jù. Bí àárín mànàmáná àti àrá kò bá tó 30 ìṣẹ́jú-àáyá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà lójú omi títí 30 ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn.

Báwo ni ọ̀nà tí a ó tù ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó?

Ọmọ tuntun ń tu kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: kìlómítà mẹ́fà, ní ìyára mẹ́rin, wákàtí kan àbọ̀ ni. Bí ìṣàn kìlómítà méjì ní wákàtí kan bá kọjú ìjà sí yín, ìyára yín ti di méjì, ọ̀nà kan náà á gba wákàtí mẹ́ta. Ọmọ tó ti rẹ̀ á wá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ọ̀sán. Nítorí náà, kìlómítà mẹ́fà sí mẹ́jọ lápapọ̀ tó fún ọjọ́ kan. Apá tó le ni kí ẹ kọ́kọ́ tù, kí afẹ́fẹ́ tàbí ìṣàn lè ti yín padà sílé.

Kí la ó yẹ̀ wò bí a bá lọ wo ibi náà ṣáájú?

Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní irú wákàtí kan náà tí ẹ fẹ́ wà lójú omi. Ẹ gba ọkọ̀ apẹja kan, kí ẹ tọ ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀. Ní gbogbo kìlómítà kan, ẹ sàmì sí ibi tí ẹ lè gbà gòkè. Ọ̀pọ̀ bèbè tó dára lójú jẹ́ àbàtà. Ẹ mú ọ̀pá tó gùn tó mítà méjì, kí ẹ fi gún ilẹ̀ wò: bí ó bá wọlé ju ìwọ̀n orúnkún lọ, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgòkè, torí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rì síbẹ̀ kò ní lè fa ara rẹ̀ yọ, ká má tiẹ̀ wá sọ pé kó fa ọkọ̀.

Ẹ wo ibi tí àwọn apẹja gún igi mọ́, tí wọ́n sì dẹ ìgèrè sí. Ẹ̀ka tí wọ́n rì sómi fún ẹja lè mú ọkọ̀ so, okùn àwọ̀n sì lè lọ́ mọ́ àjẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí omi ti ń ṣe bíi pé ó ń hó, torí wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹ̀rọ ayélujára lọ. Ẹ dán nẹ́tíwọ́kì fóònù wò ní gbogbo ibi ìgòkè, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú tí mọ́tò ń gbà láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Ẹ wo ibi tí mọ́tò yín lè dúró sí, ilé ìyàgbẹ́, àti òjìji. Òjìji ṣe pàtàkì: ọmọ tó dúró nínú oòrùn kó tó tukọ̀ ti fi ìdajì agbára rẹ̀ ṣòfò.

Ènìyàn mélòó, ọkọ̀ irú wo?

Olùkọ́ kan fún ọmọ mẹ́fà lójú omi tó dákẹ́; kan fún mẹ́rin ní Tarkwa Bay. Ẹ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tẹ̀lé wọn, kí ẹni tó ń wà á jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Káyàkì tí à ń jókòó lé lórí dára fún ọ̀sà torí kò ní ihò tó lè dí ọmọ mọ́ inú, ó sì rọrùn láti padà gùn. Nǹkan bí 25 kìlógíráàmù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọmọ méjì ló ń gbé e. Káyàkì òkun tí à ń ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, tó gùn tó mítà márùn-ún, yára jù ú lọ. Fún àwọn tó ti mọ bí a ṣe ń yọ jáde nìyẹn. Ẹ̀rù ẹgbẹ́ ni okùn ìfàkọ̀ mítà 15, àjẹ̀ àfikún kan fún ọkọ̀ mẹ́rin, pọ́ǹpù ọwọ́, fèrè lára láìfù jákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, àti omi mímu lítà mẹ́ta fún ẹnì kan.

Ta ni a ó gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ilé ẹ̀kọ́ àti òbí ní kíkọ sílẹ̀. Fún Ikere Gorge, Ogun-Osun River Basin Development Authority, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Fún Asejire àti Ẹlẹ́yẹlé, iléeṣẹ́ omi Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní Èkó, LASWA (iléeṣẹ́ ọ̀nà omi Ìpínlẹ̀ Èkó) àti NIWA (iléeṣẹ́ ọ̀nà omi ti ìjọba àpapọ̀) ló ń bójú tó ojú omi, NPA (iléeṣẹ́ èbúté Nàìjíríà) ló sì ni ọ̀nà ọkọ̀ òkun lẹ́bàá Tarkwa Bay. Ẹ kí baálẹ̀ abúlé tí ẹ ó ti bọ́ sómi. Bí ẹ kò bá kí i, ó lè má ṣe yín ní ibi, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò sá wá bá yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ṣé omi lè kó àrùn ran ọmọ?

Omi dáàmù lè ní kòkòrò atọ̀sí ajá, tó ń ti ara ìgbín omi wọ awọ ara ènìyàn. Àárín koríko etí omi, níbi tí omi kò ti jìn, ni ìgbín náà pọ̀ sí; ẹ yẹra fún un, ẹ nu ara gbẹ kíákíá. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún dókítà pé ó wọ omi dáàmù. Ní ọ̀sà, ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí ìlú ni ìṣòro, pàápàá ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́, kó dì í.

Ṣé a lè lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà?

Dáàmù, bẹ́ẹ̀ ni. Èkó, rárá. Ẹni tó jí ní aago mẹ́ta òru, tó jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, máa bọ́ sómi nígbà tí afẹ́fẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sùn, ẹ bọ́ sómi láàárọ̀, ẹ padà sílé lọ́jọ́ kẹta. Ẹ di káyàkì mọ́ orí mọ́tò ní ibi méjì lára, kí ẹ sì so imú àti ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Okùn àárín nìkan máa ń tú lórí ọ̀nà márosẹ̀.

Bí a bá débẹ̀ tí omi kò dára ńkọ́?

Kí ẹ tó kúrò nílé ni ẹ ó ti kọ ibi kejì sílẹ̀ àti ohun tí yóò mú yín yí padà: afẹ́fẹ́ tó ju 19, àrá, tàbí kurukuru. Ẹni kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti sọ pé “a ò lọ”, kó má sì jẹ́ ẹni tó gba owó lọ́wọ́ òbí, torí ojú owó náà lè mú kó rọ̀. Ẹ ṣètò owó ọkọ̀ kó lè ṣeé dá padà tàbí kó sún ọjọ́.

Nọ́ńbà wo la ó pè bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀?

112 níbi gbogbo ní Nàìjíríà, 767 tàbí 112 ní Èkó. Ẹ sọ orúkọ ibi ìgòkè tó súnmọ́ yín jù, iye ènìyàn tó wà nínú omi, àti àwọ̀ ọkọ̀ yín. Ẹ kọ orúkọ àwọn ibi ìgòkè náà sórí páálí, kí ẹ fi ike wé e, kí ẹ sì so ó mọ́ iwájú ọkọ̀ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wà ní bèbè, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ ó padà: bí 30 ìṣẹ́jú bá kọjá lórí rẹ̀ láìrí yín, kó pè.